Láptọ́ọ̀pù Tí Bàbá Agogo Fi Tọrẹ

Bí ẹ bá rí ẹni tí kì í kí ènìyàn pé "ẹ káàárọ̀" àfi tó bá kọ́kọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀ bóyá àárọ̀ kò tíì tán, ẹ ti rí Bàbá Agogo. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń ṣe táìmùtébù ilé-ìwé girama wọn: àtẹ gbọọrọ tó ń sọ fún tíṣà kọ̀ọ̀kan kíláàsì tí yóò wọ̀, ọjọ́ tí yóò wọ̀ ọ́, àti ìgbà tí aago yóò lé e jáde. Ó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì pẹ̀lú. Ìyẹn kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni, òun alára kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì níbì kan. Kò sẹ́ni tó ń fi pè é, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà ga, ó gbẹ, èjìká rẹ̀ òsì sì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Láptọ́ọ̀pù ló fà á. Láptọ́ọ̀pù náà ti darúgbó. Lẹ́tà A ti pa rẹ́ lójú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ìdérí rẹ̀ kì í dúró àfi tí a bá fi ìwé ńlá kan tì í lẹ́yìn, tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí, ẹni tó wà ní yàrá kejì á béèrè pé ta ló ń fi máṣínì ránṣọ. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni táìmùtébù ń gbé. Ó ti pẹ́ tí Bàbá Agogo ti ń kọ́ àtẹ yẹn lọ́gbọ́n, tó fi di pé bí ó bá ṣèèṣì fi tíṣà kan sí kíláàsì méjì ní àkókò kan náà, ojú ibẹ̀ á di pupa fòò, kò sì ní padà sí funfun àfi tó bá tún un ṣe. Ọ̀rẹ́ tó ń bá ènìyàn wí lójú ara rẹ̀, tí kì í gbé e jáde sí gbangba, irú wọn ṣọ̀wọ́n.

Ẹ wáá wo ohun tí ojú rí tí ọkàn kò fi balẹ̀ mọ́. Bàbá Agogo lọ sí báǹkì ní ọjọ́ kan, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé táblẹ́ẹ̀tì lé àtẹ́lẹwọ́, dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ó ń fi ìka kan ṣoṣo ti iṣẹ́ síwá sẹ́yìn. Kò gbé báàgì kankan. Èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bàbá Agogo wo èjìká yẹn títí wọ́n fi pe nọ́ńbà rẹ̀ kọjá.

Láti ọjọ́ náà ló ti gbé ọ̀rọ̀ lé orí òṣùwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìwàǹwára ni òun fi ṣe é. Àǹfààní lápá kan, àléébù lápá kejì. Òṣùwọ̀n ni lóòótọ́, àmọ́ irú èyí tí ọlọ́jà ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ní ti àǹfààní: ó fúyẹ́, bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú, ojú ẹsẹ̀ ló ń là láìjẹ́ pé ènìyàn lọ po tíì kó tó jí, a sì lè lò ó lórí ìdúró. Ní ti àléébù, ó ronú, ó ronú, ó ní kò sí àfi bóyá ìlara àwọn ènìyàn.

Inú yàrá àwọn tíṣà ló ti ń ṣe ìwádìí yìí, tipátipá ni gbogbo wọn sì fi ń gbọ́ ọ.

"Tó bá wá di ti táìmùtébù ńkọ́?" ni Tíṣà Aránṣọ bi í. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni obìnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ, kì í gbé ojú kúrò lára òwú tó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. "Àtẹ tó fẹ̀ tó aṣọ ìbùsùn, ẹ ó ká a sínú ìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ò tíì mọ ibi tí ayé dé. Gbogbo ohun tí láptọ́ọ̀pù ń ṣe ló ń ṣe, ó tún ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣì ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri lónìí, ẹrù ló ń rù, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń ṣe."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tíṣà Aránṣọ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Tíṣà Ìṣirò, tó jókòó sí ìdí fèrèsé pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ lórí itan, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tí ojú ọkùnrin yẹn ti wà lára iṣẹ́ táìmùtébù, ẹ̀rín náà kì í sì í ṣe ti lásán.

Bàbá Agogo ra táblẹ́ẹ̀tì náà. Ká ní ibẹ̀ ló fi mọ, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi han gbogbo ayé pé òun àti láptọ́ọ̀pù ti parí, kò sì sí ọ̀nà tó dára tó kó fi tọrẹ níbi tí èrò pọ̀ sí. Ta ló wá yẹ kó fún? Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni.

Agbẹ̀bí ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló ń gbé ilé oníyàrá méjì kan tí kò jìnnà sí tiwọn. Ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa mọ́, àwọn oríkèé ìka rẹ̀ sì ti wú. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ọwọ́ ń ro, òun ni ọkọ ọmọ rẹ̀ rò pé ó yẹ kó máa tẹ kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà A rẹ̀ ti pa rẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, gbogbo ẹbí jókòó yí tábìlì ká ní ilé Màmá. Bàbá Agogo dìde, ó gbé láptọ́ọ̀pù náà lé ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ìkókó.

"Màmá," ó ní, "ohun tí mo fi ń jẹun rèé. Ohun tí mo fi ń jẹun yìí náà ni mo gbé fún yín. Kì í ṣe àyálò, kì í ṣe pé ẹ máa bá mi tọ́jú ẹ̀. Tiyín ni títí láé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin, tí ilé ń pè ní Aláriwo, fi hàn pé orúkọ náà bá òun mu, ó ní irú ọkọ ọmọ yìí kò wọ́pọ̀, ó sì ní kí Ẹ̀gbọ́n tún gbé e fún Màmá lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun lè yà á ní fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n tún un gbé. Màmá na ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹrù náà sì fẹ́ẹ́ gbé òun alára lulẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọkọ ọmọ mi. Òkè lọwọ́ afúnni ń gbé. Ọwọ́ yín ò ní wálẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ yìí, ẹ yẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí a fi ń gba àlejò.

Nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Dádì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Kí ló dé tí ò fi ní dá mi lójú?"

"Mo kàn béèrè ni. Wọn kì í gba ẹ̀bùn padà."

"Ta ló fẹ́ gbà á padà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó mi èjìká òsì rẹ̀ tí kò ru nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Bàbá Agogo ń ka ìròyìn lórí ìdúró níbi tí àga ṣófo sí. Ó ń fi ìka kan ṣí ojú ewé, ó ń mí ìmí ẹni tí ayé yẹ. Lẹ́yìn náà ni ìsinmi dé, àkókò sì tó láti ṣe táìmùtébù táàmù tuntun, ó sì wá yé e pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nígbà tó ṣí àtẹ náà, Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun nìkan ló rí. Tó bá fà á kó lè rí Ẹtì, orúkọ àwọn tíṣà á sá lọ. Tó bá sọ ọ́ di kékeré kí gbogbo rẹ̀ lè hàn, gbogbo rẹ̀ á hàn lóòótọ́, bí èèrà. Tó bá fẹ́ tẹ nǹkan, kíbọ́ọ̀dù á yọ láti ìsàlẹ̀, á sì bo ìdajì àtẹ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka fa Ìṣirò láti Ọjọ́rú lọ sí Ọjọ́bọ̀. Kó tó gbé ìka sókè kó fi yún imú, Bàọ́lọ́jì ti bọ́ sí àkókò oúnjẹ ọ̀sán.

Ó ra kíbọ́ọ̀dù kékeré. Ó ra ohun tí yóò mú dígí náà dúró. Ó ra máòsì, nítorí ìka kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Ó ra okùn tí yóò so máòsì mọ́ ọn, ó ra àpò tí yóò kó gbogbo wọn sí, báàgì sì padà sórí èjìká òsì.

"Bàbá Agogo," ni Tíṣà Aránṣọ sọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ wá síṣẹ́, bó ṣe ń wò ó tó ń tò wọ́n sórí tábìlì, "dígí yín ti bímọ."

"Ohun èlò ni wọ́n."

"Ẹ kú ewu ọmọ o."

Gbogbo ìyẹn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù. Àtẹ náà kò pọ́n mọ́. Ọgbọ́n tó ń jẹ́ kó pọ́n nínú láptọ́ọ̀pù kò bá a dé inú dígí. Àṣìṣe lè kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, funfun báláú ló máa wà. Bàbá Agogo wò ó, kò rí pupa kankan, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò ṣe é kó mọ́ tó báyìí rí. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó gbé e lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì dúró de ìyìn.

Ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́ obìnrin tí kì í pariwo, ohun tó ń dẹ́rù bani nípa rẹ̀ nìyẹn. Ó fi bírò tẹ̀ lé àwọn ìlà inú ìwé náà. Tíṣà Eré Ìdárayá ń bẹ ní kíláàsì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kíláàsì méjì fẹ́ jọ wọ yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísírì. Nígbà tó dé orí jọ́gíráfì, bírò náà dúró.

"Níbí, ẹ wà lókè. Níbí, ẹ wà nísàlẹ̀. Aago kan náà. Ṣé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pín ara ẹni sí méjì ni? Ẹ kọ́ èmi náà."

"Àṣìṣe díẹ̀ ni, Mà."

"Ẹ ní títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí mo bá tún rí irú èyí, Tíṣà Ìṣirò ni á máa ṣe é láti ìsinsìnyí lọ. Ó ti sọ fún mi pé òun lè ṣe é."

Ẹ̀rù ba Bàbá Agogo, ẹ̀rù gidi, irú èyí tó ń mú kí ènìyàn gbàgbé ibi tó fẹ́ yà sí. Tí wọ́n bá gba táìmùtébù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni wọn yóò máa pè é? Tíṣà Jọ́gíráfì? Àwọn ọmọ yóò ha máa pe Tíṣà Ìṣirò ní Bàbá Agogo? Kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kan wà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àga Tíṣà Ìṣirò gan-an ló wà. Láti ra láptọ́ọ̀pù mìíràn, àpò rẹ̀ ti gbẹ sórí àwọn ọmọ tí dígí bí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yà sí ilé ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, mo ní kí n wá wo ara láptọ́ọ̀pù yín. Eruku máa ń wọ inú wọn."

"Eruku kẹ̀?"

"Eruku burúkú, Mà."

Láptọ́ọ̀pù náà wà lórí tábìlì kékeré ní ìdí ògiri, aṣọ olódòdó bò ó, ife òdòdó sì wà lórí aṣọ.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó," ni Màmá sọ, ó sì gbé ife òdòdó kúrò lórí rẹ̀.

Bàbá Agogo tẹ ibi tí wọ́n fi ń tan án. Bátìrì ti kú pátápátá. Òun wá yọ eruku, Màmá ń lò ó lójoojúmọ́: irọ́ méjì jókòó ti ara wọn nínú yàrá kan náà, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn.

Ó fi iná sí i. Ó mí, ó hó, ó jí. Bàbá Agogo ṣí àtẹ, ó kó iṣẹ́ inú dígí sínú rẹ̀, gbogbo ojú àtẹ sì di pupa fòò láti òkè délẹ̀. Ká ní ẹlòmíràn ni, ì bá sunkún. Inú tirẹ̀ dùn bí ọmọ tó tún gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó ń bá a wí.

Màmá gbé tíì wá, ó sì tẹ̀ síwájú láti wò ó.

"Ṣé eruku ni gbogbo pupa yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ó mà pọ̀ o. Ẹ ó máa bọ̀ lọ́la nìyẹn."

Ó bọ̀ lọ́la, ó bọ̀ lọ́túnla. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni Màmá ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ ti obìnrin kan tó wá rọbí pẹ̀lú báàgì ọjà lọ́wọ́, tó kọ̀ láti gbé e sílẹ̀ títí ọmọ fi jáde. Ó sọ ti bàbá ọmọ kan tó dákú lẹ́nu ọ̀nà, tí gbogbo nọ́ọ̀sì sì fi aláboyún sílẹ̀ lọ fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, Bàbá Agogo ń dáhùn pé "ẹn-ẹn" bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Nígbà tó yá, òun ló ń béèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn ìbejì kan tí ìkejì wọn kọ̀ láti jáde, kò sì tíì parí rẹ̀ tí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá Agogo kò wo aago ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ra aago fún un.

Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín. Wọ́n ní ọmọ bíbí inú kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ìyìn náà kò wọ̀ létí.

"Dádì, eruku wo ló ń wọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi aṣọ bò?"

"Eruku òde òní ni, ìyá àwọn ọmọ. O ò lè mọ̀ ọ́n."

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì náà, pupa tó kù nínú àtẹ kò ju díẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ kan péré, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bàbá Agogo wọ ilé Màmá pẹ̀lú orin lẹ́nu, ó sì bá Aláriwo lórí ìdúró, ó ń ká okùn iná láptọ́ọ̀pù sínú báàgì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́! Iṣẹ́ tuntun tí mo gbà, lọ́la ni mò ń lọ. Màmá ò kúkú ń lò ó, mo ní kí n máa gbé e lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó sàn ju kó kàn máa gbé òdòdó lọ."

Bàbá Agogo jókòó. Kí ló fẹ́ wí? Ta ló ní kì í ṣe àyálò, tí ó sì ní kí wọ́n ya fọ́tò? Ó tún gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde, ó sì tún ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́.

"Eruku ṣì kù nínú ẹ̀."

"Màá yọ ọ́ lọ́hùn-ún."

"Kò ní A."

"Mo mọ ibi tí A máa ń wà, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó wúwo. Ó máa ba èjìká ẹ jẹ́. Ìdérí ẹ̀ ò dúró. Ariwo ẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra níbi iṣẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣáà ti lò ó fún ìgbà pípẹ́. Àbí burúkú lẹ gbé fún Màmá ni?"

Màmá, tó ti ń wo àwọn méjèèjì láti orí àga rẹ̀, wúkọ́ díẹ̀. "Aláriwo, sáré bá mi ra búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì wà ní kíṣìnnì, Mà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ jẹ."

Aláriwo lọ. Bàbá Agogo wo báàgì, ó wo ilẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, kì í ṣe eruku ni mo wá ń yọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ẹni tó bá ń rọbí, a kì í dúró kó sọ fún wa ká tó mọ̀. Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wá ni o ti ń rọbí níwájú mi. Mo ní kí n jẹ́ kó tó àsìkò. Ó yá, tì í jáde."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìyá yìí pè é ní "o" bí ọmọ rẹ̀. Bàbá Agogo gbọ́ ọ. Ó jẹ́wọ́. Ó sọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin báǹkì àti èjìká rẹ̀ méjèèjì, ó sọ ti dígí tó ń bí ọmọ, ti àtẹ tí kò pọ́n mọ́, ti ọ̀gá ilé-ìwé àti ọjọ́ Ẹtì. Ó ní tí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun, òun kò mọ ohun tí òun tún jẹ́.

"Ojú ń tì mí, Mà. Ẹ̀bùn tí mo fariwo ṣe."

"Ó yẹ kójú tì ọ́," ni Màmá wí, kò sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí i. "O gbé ẹ̀rọ tí ò ní lẹ́tà fún ẹni tí ò ríran. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan án. Mo jókòó, mo ń retí pé o máa padà wá kọ́ mi. O ò wá. Mo bá gbé òdòdó lé e."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Agogo dé egungun. Ó na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó fa táblẹ́ẹ̀tì yọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé Màmá lórí itan. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́, kò sí ẹni tó ya fọ́tò.

Màmá fi ìka tó wú kàn án. Ó là. Bàbá Agogo mú ìka rẹ̀ méjì, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe fẹ̀ wọ́n lórí dígí, àwọn lẹ́tà sì ń tóbi, wọ́n ń tóbi. Màmá yọ dígí ojú rẹ̀, ó gbé nǹkan náà súnmọ́ imú, ó sì ka ìròyìn òjò tó ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sókè, kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ó tún un kà.

"Èyí ló yẹ kó o kọ́kọ́ gbé fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lò ń wò lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ lò ń wò."

Nígbà tí Aláriwo fi máa gbé búrẹ́dì dé, láptọ́ọ̀pù ti wà lórí tábìlì, ó ń hó. Màmá sọ fún un pé òun ti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Aláriwo wo dígí tó wà ní itan ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ là. "Ha, Màmá, èyí gan-an ni ì bá dáa fún iṣẹ́ mi."

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀."

Ní ọjọ́ Ẹtì, táìmùtébù wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé. Ó fi bírò tẹ̀ lé e láti Ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, ó dé bírò, ó sì ní "ó dáa." Lẹ́nu obìnrin yẹn, ìlù àti fèrè nìyẹn. Tíṣà Ìṣirò padà sí ìdí fèrèsé rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ẹ má retí pé ọ̀gbẹ́ni náà yí padà o. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù tuntun tó parí, ó ti ń wàásù nínú yàrá àwọn tíṣà pé láptọ́ọ̀pù ni irinṣẹ́ gidi, àti pé ẹni tó bá rò pé dígí lè rọ́pò rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí ayé dé.

"Ó jọ pé mo ti gbọ́ èyí rí," ni Tíṣà Aránṣọ sọ fún òwú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó. Láptọ́ọ̀pù ti wà nílé, kò sì sí eruku kankan mọ́ tí yóò gbé e lọ sí ilé Màmá. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ̀, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á dìde, á sì tún jókòó. Ìtàn àwọn ìbejì yẹn, kò mọ bó ṣe parí. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ṣe àtẹ fún gbogbo ilé-ìwé kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ sí ilé ènìyàn láìní ìdí.

Ní Ọjọ́rú kan, fóònù rẹ̀ dún.

"Dígí mi ò tan mọ́," ni Màmá wí. "Ó ti kú."

Ó fẹ́ẹ́ sáré débẹ̀. Nígbà tó wọlé, dígí náà wà lórí tábìlì kékeré, ó ń tàn bí ọ̀sán. Ife tíì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti po méjèèjì, ọ̀kan sì ti ń tutù.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan padà ni," ni Màmá sọ, kò wo ojú rẹ̀.

Bàbá Agogo gbé e. Ó yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò, ó gbé e sétí bí dókítà. Ó wo ife tó ń tutù. Lẹ́yìn náà ló mi orí.

"Eruku ni, Mà."

"Eruku? Nínú dígí tí ò ní ihò?"

"Eruku burúkú. Á gbà pé kí n máa wá wò ó ní gbogbo Ọjọ́rú."

"Mo ti rò bẹ́ẹ̀." Màmá ti ife tó ṣì gbóná sí iwájú rẹ̀. "Jókòó. Ìkejì àwọn ìbejì yẹn, ẹsẹ̀ ló fi síwájú."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Agogo ṣí àtẹ tirẹ̀ nínú láptọ́ọ̀pù, ó sì tẹ "Eruku Màmá" sí ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́rú. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé pe ìpàdé àwọn tíṣà sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ìpàdé tí Bàbá Agogo kò pa jẹ rí láyé rẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú àtẹ, ojú ibẹ̀ sì di pupa fòò. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó sì lọ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé kó wá ọjọ́ mìíràn fún ìpàdé náà.